Ẹ má kọ́ àwọn ọmọ pé ẹnu ọba Sípéènì ni òfin: Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn Yúróòpù,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn. Kíláàsì kún, ìwé kò tó, ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ sì ní láti kó ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta pọ̀ sínú táàmù kan. Èmi náà ń kọ́ni, mo mọ ohun tí ojú yín ń rí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń dùn mí nínú ìwé àwọn ọmọ tó ń dé ọwọ́ mi, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ bákan náà, bí ẹni pé inú odò kan náà ni wọ́n ti pọn ọ́n: "Ọba Felipe Kejì ti Sípéènì jẹ́ ọba aláṣẹ pátápátá. Ohun tó bá wù ú ló ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ ni òfin." Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun rẹ̀. Kì í ṣe torí pé Felipe jẹ́ ọba onírẹ̀lẹ̀, ó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, màá sì sọ èyí tó dùn mí jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá kọ́ pé láyé ọjọ́un ọba kan lè dá nìkan jókòó kó sì máa ṣe bó ti wù ú, ọmọ yẹn kò ní mọ ohun tó ń dí alágbára lọ́wọ́. Kò sì ní mọ̀ ọ́n nígbà tí ohun náà bá já.

Ẹ wo ọkùnrin náà. Wọ́n bí i ní Valladolid ní 1527. Bàbá rẹ̀, Carlos Karùn-ún, gbé adé Sípéènì lé e lórí ní 1556 nígbà tí agara ìjọba dá a. Ohun tó jogún kì í ṣe ilẹ̀ kan. Ó jẹ́ ọba ní Castile, ó jẹ́ ọba ní Aragon, ilẹ̀ ńlá méjì nínú Sípéènì, ó jẹ́ ọba ní Naples àti ní Sicily ní Ítálì, ṣùgbọ́n Duke ni ní Milan, Count ni ní Barcelona, olúwa lásán ni ní Biscay. Nẹ́dálándì wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú Mẹ́síkò àti Pérù ní òkè òkun. Ibì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ àti ìbúra tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Potogí tún kún un, ó ní láti lọ sí ìlú Tomar ní oṣù kẹrin 1581, kó búra níwájú àwọn aṣojú ilẹ̀ náà pé òfin wọn kò ní yí padà, àti pé àwọn ọmọ Potogí ni yóò máa di ipò mú níbẹ̀. Ẹ fi èyí síwájú àwọn ọmọ ná, kí wọ́n tó kọ "ọba aláṣẹ pátápátá": ọba tó ní láti dá májẹ̀mú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Láti 1559 tó ti Nẹ́dálándì dé, kò tún kúrò ní agbègbè Sípéènì àti Potogí mọ́ títí ó fi wàjà ní 1598. Ní 1561 ó fi ààfin rẹ̀ sí Madrid. Ní 1563 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Escorial, tó jẹ́ ààfin, ilé àwọn mọ́ńkì àti ibojì ọba lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún 1584 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọba tó ni apá kan ayé jókòó sí, nídìí tábìlì, pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní ajẹ́lẹ̀ ọba ní Mẹ́síkò kọ lẹ́tà nípa owó orí. Lẹ́tà náà á wọ ọkọ̀ ojú omi, á lo oṣù lórí òkun. Bó bá dé Sípéènì, kì í lọ sọ́wọ́ ọba tààrà. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ òkè òkun ni yóò gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà jẹ́ amòfin tó ti pẹ́ ní yunifásítì. Wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀, akọ̀wé á sì kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní consulta: ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, ohun tí òfin sọ rèé, ohun tí a rò rèé, bí a kò bá sì fẹnu kò, ohun tí lágbájá rò lọ́tọ̀ rèé. Apá kan ojú ìwé ni akọ̀wé máa ń kọ̀wé sí. Apá kejì á wà lófìfo, ọba ló ni ín. Níbẹ̀ ni Felipe á fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì sí, pẹ̀lú ìkọ̀wé tí kò mọ́ rárá. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kan péré ni: kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn èsì rẹ̀ á gùn ju ìwé ìgbìmọ̀ lọ. Bí akọ̀wé bá ṣi lẹ́tà kan kọ, ó lè fa ìlà sí i kó tún un kọ. Ó ju ìgbìmọ̀ mẹ́wàá lọ tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí i: ti Castile, ti Aragon, ti Ítálì, ti ogun, ti owó, ti Inquisition tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìjọ, àti ti ilẹ̀ Potogí láti 1582. Mateo Vázquez, àlùfáà tó di akọ̀wé àgbà rẹ̀ láti 1573, ló ń ṣa ìwé wọ̀nyí jọ tó sì ń tò wọ́n síwájú rẹ̀. Láti 1585, àwọn olùdámọ̀ràn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé lálaalẹ́ láti bá a dín ẹrù ìwé náà kù.

Ibí yìí gan-an ni ẹ ti lè bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Ta ló ń jọba níbẹ̀? Ọba ló ń fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ consulta ló yan ohun tí ọba máa rí àti ohun tí kò ní rí. Felipe mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi ń gba ìròyìn ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, tó ń fi ìwé ìgbìmọ̀ kan han ìgbìmọ̀ kejì, tó sì ń jẹ́ kí àwọn ìjòyè méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn máa ta ko ara wọn níwájú rẹ̀. Èyí sì ń dá iṣẹ́ dúró. Lẹ́tà á pẹ́ lórí tábìlì, ọ̀ràn á bàjẹ́ kí èsì tó jáde, ológun tó wà ní Brussels, ní Nẹ́dálándì, á sì máa wo ọ̀nà Madrid títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n.

Mo ní láti sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà tó gbà jọba. Ó máa ń béèrè. Láti 1575 wọ́n fi ìbéèrè tí a tẹ̀ sórí ìwé ránṣẹ́ sí àwọn abúlé Castile, ìbéèrè tó ju àádọ́ta lọ: kí ni orúkọ ìlú yín, ta ló tẹ̀ ẹ́ dó, níbo ni ẹ ti ń pọn omi, èwo ni oko yín ń mú jáde, kí ni ẹ kò ní tí ẹ fi ń rà níta. Wọ́n ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ní làákàyè kí wọ́n jókòó dáhùn. Ní 1577, irú rẹ̀ tó ní ìbéèrè 50 kọjá sí Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú èsì náà wà títí dòní. Bí àgbẹ̀ kan ní La Mancha ṣe ń sọ pé omi jìnnà sí ìlú àwọn ni ẹ ó máa kà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé wọ̀nyẹn ju gbogbo ogun Felipe lọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí tábìlì ká wá sórí òfin. Ní 1387, nígbà ìpàdé kan ní Briviesca, ọba Juan Kìíní ti Castile fi í sínú òfin pé bí lẹ́tà òun bá lòdì sí òfin ilẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún un ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é. Nígbà tí ìjọba Sípéènì fi dé Amẹ́ríkà, èyí ti di àṣà tí gbogbo ìjòyè mọ̀. Bí àṣẹ ọba bá dé tí ìjòyè rí i pé kò ní bá ibẹ̀ mu, á gba lẹ́tà náà, á fẹnu kò ó, á gbé e lé orí, á ní: mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n n kò ní mú un ṣẹ. Lẹ́yìn náà á kọ̀wé padà láti ṣàlàyé ìdí. Kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Òfin ló fàyè gbà á.

Ẹ wo bó ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé bàbá Felipe. Ní 1542, Carlos ṣe òfin tuntun láti gba àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì tó ń fipá lò wọ́n. Ní Mẹ́síkò, ìránṣẹ́ ọba tó gbé òfin náà wá bá ajẹ́lẹ̀ Antonio de Mendoza sọ̀rọ̀, wọ́n dá èyí tó le jù nínú rẹ̀ dúró, wọ́n kọ̀wé sí ọba, ìlú sì tòrò. Ní Pérù, ajẹ́lẹ̀ Blasco Núñez Vela kọ̀ jálẹ̀, ó ní bí ọba ti kọ ọ́ lòun ó ṣe é. Gonzalo Pizarro, ará Sípéènì kan níbẹ̀, kó àwọn ará Sípéènì ẹgbẹ́ rẹ̀ tí òfin náà dùn jọ, wọ́n gbógun tì í, wọ́n sì pa á lójú ogun nítòsí Quito ní oṣù kìíní 1546.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yára pàtẹ́wọ́ fún ará Mẹ́síkò. Òfin wo ni wọ́n dá dúró? Òfin tó fẹ́ gba ẹni tí wọ́n ń ni lára sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń jẹ nínú ìnilára náà ló sì rí ẹnu dá a dúró. Ohun tó ń dí ọba lọ́wọ́ lè jẹ́ ti olódodo, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tó ti mọ́ lára láti máa jẹ oúnjẹ ẹlòmíràn. N ó padà sórí èyí.

Ti owó kò ní pẹ́ wa, torí ó hàn gbangba. Fàdákà ń wọlé láti Amẹ́ríkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ogun ń jẹ ẹ́ kó tó gúnlẹ̀. Felipe kéde ní 1557 pé òun kò lè san gbèsè, ó tún un ṣe ní 1560, ní 1575 àti ní 1596. Nígbà tó dá owó àwọn oníbáńkì ará Genoa dúró ní 1575, àwọn yẹn náà kò bá a fi owó ránṣẹ́ sí Nẹ́dálándì mọ́. Sójà rẹ̀ tí kò gba owó oṣù ya wọ Antwerp ní oṣù kọkànlá 1576, ìlú ọlọ́rọ̀ jù ní àríwá Yúróòpù, wọ́n jó o, wọ́n kó o, wọ́n pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ọba kò pàṣẹ rẹ̀. Àìlówó ló pàṣẹ rẹ̀. Ní Castile fúnra rẹ̀, bó bá fẹ́ owó orí tuntun, ó ní láti pe Cortes, níbi tí ìlú 18 ti ń rán aṣojú méjì-méjì wá. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun tó rán sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bàjẹ́ ní 1588, Cortes gbà ní 1590 láti fún un ní mílíọ̀nù 8 owó ducat láàárín ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi àdéhùn dè é. Àwọn tí wọ́n pè ní 1592 jókòó títí di 1598, wọ́n ń bá a na ọ̀rọ̀ náà bí ará ọjà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká lọ sí Aragon. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ni ẹ ní fún Felipe Kejì, ibẹ̀ ni kí ẹ lò ó.

Aragon ní òfin àbáláyé tí wọ́n ń pè ní fueros, wọ́n sì ní adájọ́ àgbà kan tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Justicia. Níwájú rẹ̀ ni ọba ti ń búra pé òun ó pa fueros mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rù pé àwọn ẹmẹ̀wà ọba fẹ́ fi ìyà jẹ òun láìtọ́ lè sá di Justicia. Adájọ́ náà á rán èèyàn lọ gbà á, á fi í sínú ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, níbi tí ẹnì kankan kò ti lè dá a lóró, títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bí òfin ti wí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1578, wọ́n gún Juan de Escobedo pa nínú òpópónà kan ní Madrid. Akọ̀wé ni fún Don Juan, ọmọ bàbá ọba, tó jẹ́ gómìnà Nẹ́dálándì. Antonio Pérez, akọ̀wé tí Felipe fọkàn tán jù nígbà náà, ló ṣètò rẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé ọba mọ̀ sí i. Felipe wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé Pérez tan òun jẹ. Wọ́n mú Pérez ní oṣù keje 1579. Ọ̀rọ̀ náà wọ́ títí, wọ́n tilẹ̀ dá a lóró ní 1590. Nínú gbogbo rẹ̀, lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀: àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ọba, Diego de Chaves, kọ̀wé sí Pérez pé ọba tó ní àṣẹ lórí ẹ̀mí àwọn ará ìlú rẹ̀ lè gba ẹ̀mí náà láìsí ìgbẹ́jọ́ bó bá ní ìdí tó tọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti ń ronú láàfin. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú wọn lọ sí ìlú tí èrò yẹn ti forí sọ ògiri.

Ní oṣù kẹrin 1590, Pérez sá jáde lẹ́wọ̀n pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Juana Coello ìyàwó rẹ̀, ó gun ẹṣin dé Aragon tó jẹ́ orírun bàbá rẹ̀, ó sì sá di Justicia. Báyìí ni ọba alágbára jù lọ ní Yúróòpù ṣe di olùpẹ̀jọ́ nílé ẹjọ́ Zaragoza, níwájú adájọ́ tí kò lè pàṣẹ fún. Nígbà tó rí i pé ẹjọ́ náà ń yọ́ lọ mọ́ òun lọ́wọ́, tí Pérez sì ń tú àṣírí ìwé jáde, ó fà á padà. Ó wá gba ọ̀nà mìíràn: Inquisition, ilé ẹjọ́ ìjọ kan ṣoṣo tí àṣẹ rẹ̀ kọjá gbogbo ààlà àwọn ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan Pérez pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 1591 wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Inquisition nínú ààfin Aljafería ní Zaragoza. Zaragoza dìde. Wọ́n ń kígbe òmìnira nígboro, wọ́n lu aṣojú ọba, Marquis ti Almenara, débi tó fi kú lẹ́yìn náà, wọ́n sì dá Pérez padà sẹ́wọ̀n Justicia. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án tí wọ́n tún fẹ́ gbé e, àwọn èrò tú u sílẹ̀ pátápátá. Ó sá lọ sí Faransé.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìyẹn ni Justicia àgbà kú tí ọmọ rẹ̀, Juan de Lanuza, gorí oyè. Kò tí ì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Felipe ti kó ọmọ ogun tó lé ní 10,000 jọ sẹ́nu ààlà, ó fi Alonso de Vargas ṣe olórí wọn. Fueros sọ pé ọmọ ogun àjèjì kò gbọdọ̀ wọ Aragon láti wá fipá ṣe ìjọba. Lanuza ní láti sọ ohun tí òfin sọ, ó sì sọ ọ́: wíwọlé náà lòdì sí òfin, kí ará ìlú dìde dènà rẹ̀. Àwọn ìlú yòókù ní Aragon kò dáhùn. Àwọn díẹ̀ tó tẹ̀lé e tú ká. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, Vargas wọ Zaragoza láìsí ìjà. Lanuza padà sílé, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá, wọ́n mú un. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 1591, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní gbangba ìgboro láìsí ẹjọ́ kankan. Adájọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má kú láìgbẹ́jọ́, òun ni wọ́n pa láìgbẹ́jọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ nígbàkúùgbà tí mo bá kọ́ni dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń sọ pé: "Ṣé ẹ rí i, ọba ló ṣẹ́gun, ẹnu rẹ̀ sì ni òfin." Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Felipe tó ti darúgbó, tí àrùn oríkèé ara ń dà láàmú, pe Cortes ti Aragon sí Tarazona, ó sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gba àṣẹ láti máa yọ Justicia bó bá wù ú. Ó gba àṣẹ láti fi ẹni tí kì í ṣe ọmọ Aragon ṣe ajẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, kò pọn dandan mọ́ kí gbogbo àwọn tó jókòó ní Cortes fohùn ṣọ̀kan. Síbẹ̀ kò pa fueros rẹ́. Ó ní ọmọ ogun nílẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró, ó sì fi òfin náà sílẹ̀, torí orí òfin yẹn náà ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀ láti jẹ́ ọba Aragon dúró lé. Ọdún 1707, lábẹ́ ìdílé ọba mìíràn, ni wọ́n tó fagi lé e. Ère Lanuza wà ní Zaragoza dòní, oyè Justicia sì ti padà sí Aragon láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ará ìlú sí ìjọba.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí àríyànjiyàn lórí ìlànà. Nínú ìtọ́ni tó fún ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní Naples, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀, Felipe sọ ọ́ pé Ọlọ́run kò dá ará ìlú nítorí ọba, ọba ló wà nítorí ará ìlú. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 1581, nígbà tí àwọn aṣojú Nẹ́dálándì tó dìde sí i kéde pé àwọn kò ní i lọ́ba mọ́, ohun kan náà ni wọ́n kọ. Wọ́n ní ọba tó ń ni ará ìlú lára dípò kó dáàbò bò wọ́n ti sọ ara rẹ̀ di aninilára, wọ́n sì lè yan ẹlòmíràn. Duke ti Alba, tí Felipe fi ṣe gómìnà wọn, ti gbìyànjú láti máa gba ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ọjà tí wọ́n bá tà láìdúró de ìfohùnṣọ̀kan wọn, àwọn oníṣòwò Brussels sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa. Wọ́n ti bẹ́ àwọn ìjòyè ńlá wọn, Egmont àti Horn, lórí ní 1568. Gbogbo wọn ló gba ìlànà náà gbọ́. Ìjà wà lórí ẹni tó láṣẹ láti sọ pé ọba ti rú u.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sórí ohun tí mo fi sílẹ̀ ní Mẹ́síkò. Ta ni ìdènà wọ̀nyí ń gbà sílẹ̀?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1567, wọ́n kéde òfin ní Granada fún àwọn Morisco, ọmọ àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti fipá rì bọmi. Láàárín ọdún mẹ́ta, kí wọ́n má sọ èdè Lárúbáwá mọ́, nílé tàbí níta. Kí àwọn obìnrin má wọ aṣọ wọn àtijọ́. Kí wọ́n wó ilé ìwẹ̀. Kí wọ́n fi orúkọ ìdílé wọn sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan, Francisco Núñez Muley, tó ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Granada nígbà èwe rẹ̀, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Pedro de Deza, olórí ilé ẹjọ́ ọba níbẹ̀. Ìwé náà wà. Ó ní aṣọ kì í ṣe ẹ̀sìn, torí àwọn Kristẹni ń bẹ ní ìlà oòrùn tó ń wọṣọ bíi Mùsùlùmí tí wọ́n sì ń sọ Lárúbáwá. Ó béèrè báwo ni arúgbó tí kò gbọ́ èdè mìíràn rí ṣe máa kọ́ ọ láàárín ọdún mẹ́ta. Ó béèrè báwo ni ìdílé ṣe máa mọ ara wọn bí orúkọ bá parẹ́. Àwa tí wọ́n ti nà rí nílé ìwé torí pé a sọ Yorùbá, a kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìwé yẹn fún wa.

Kò sí Justicia kankan tí Núñez Muley lè sá di. Kò sí Cortes tí àwọn Morisco lè rán aṣojú tiwọn lọ. Deza kò gbọ́. Àwọn Morisco dìde ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1568, ogun náà le títí di 1571. Láti oṣù kọkànlá 1570 ni wọ́n ti ń kó wọn kúrò ní Granada nínú òtútù, ẹgbẹẹgbàárùn-ún wọn, wọ́n tú wọn ká sí Castile, ọ̀pọ̀ sì kú lọ́nà.

Ìwé kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi síwájú àwọn ọmọ jẹ́ ti 1595. Ní ọdún yẹn, ìjọba Felipe kan náà fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú oníṣòwò ọmọ Potogí kan, Pedro Gomes Reinel, pé kó máa kó ẹrú 4,250 láti Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́sàn-án, kó sì máa sanwó fún ọba lórí rẹ̀. Ó gba ọ̀nà tó tọ́, ó ní gbólóhùn àdéhùn, ó ní ìbuwọ́lù. Ìjọba tó fi ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jà lórí bóyá wọ́n lè gbé ọkùnrin kan láti ẹ̀wọ̀n kan sí èkejì ní Zaragoza fi ìwé kan ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Nígbà tí wọ́n wá kó ọ̀pọ̀ èèyàn tiwa lọ sí Cuba, ó ti ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lucumí. Abẹ́ àsíá Sípéènì ni Cuba ṣì wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ẹ yọ gbólóhùn "ẹnu rẹ̀ ni òfin" kúrò nínú nóòtì tí ẹ ń pe fún wọn. Ẹ fi consulta kan hàn wọ́n, kódà bó jẹ́ pé ẹ máa yà á sójú pátákó: apá kan fún ìgbìmọ̀, apá kejì fún ọba, kí àwọn ọmọ gba ipò, kí ọ̀kan jẹ́ akọ̀wé, kí ọ̀kan jẹ́ ọba, kí wọ́n rí i bí ọwọ́ ọba ṣe ń kún tí ìwé sì ń kóra jọ. Ẹ kà wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ Núñez Muley. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì pín sí méjì lórí ọ̀ràn Lanuza, kí apá kan gbèjà ìwọlé ọmọ ogun, kí apá kejì gbèjà fueros, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ìdí tí àwọn ìlú yòókù ní Aragon kò fi dáhùn. Bí ẹ bá ń ṣètò ìdánwò, ẹ má tún kọ "Ṣàlàyé agbára ọba Felipe Kejì" mọ́. Ẹ kọ: "Ní Zaragoza àti ní Granada, ta ló lè sọ fún ọba Felipe pé rárá, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i?"

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí sí Yorùbá fún kíláàsì tèmi. Olùkọ́ tó bá fẹ́ ẹ̀dà, kó béèrè, n ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá sì rí ibi tí mo ti lè sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tún un ṣe kó fi ránṣẹ́ padà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,

Olùkọ́ ìtàn kan